Ìgbálẹ̀ Di Owó Ìsọ̀: Ìtàn Òpópó Ọjà Nakamise ní Ìlú Tokyo

Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà wọ ọjà ṣe pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà tí ọjà fúnra rẹ̀ ń gbà di ọjà ṣe pọ̀. Ọjà mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ọba ni ó dá a sílẹ̀ níwájú ààfin rẹ̀. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé oríta tí àwọn oníṣòwò ọ̀nà jíjìn ti ń pàdé ni ó bí i. Òmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ogun ni ó lé àwọn ènìyàn jọ sí ojú kan, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra, tí wọ́n sì ń tà. Ọjà tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ nínú àròkọ yìí kò bá èyíkéyìí nínú wọn mu pátápátá. Ọjà Nakamise ni, ní àdúgbò Asakusa, ní ìlú Tokyo tí í ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Jàpáànì. Ìgbálẹ̀ ni àwọn tí ó kọ́kọ́ tajà níbẹ̀ fi san owó ìsọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kéré lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó wúwo nínú ìtàn. Láti bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn tí wọ́n ti ń ná ọjà náà, onílẹ̀ ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ilé ti wó, iná ti jó, ìjọba kan ti lọ, òmíràn sì ti dé. Síbẹ̀, ọjà kò kúrò lójú kan. Kí ni ó dì í mú? Ta ni a sì lè sọ pé ó ni ín: ṣé ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni, tàbí ẹni tí ó kọ́ ilé sí i, tàbí ẹni tí ó ń tajà níbẹ̀, tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ní ọdún 2017 ó tún jáde nínú ìwé ìròyìn. A ó tẹ̀lé ìtàn ọjà náà ní ìpele-ìpele, kí àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò lè rí bí a ṣe ń ya ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ́tọ̀ kúrò lára àkọsílẹ̀, àti bí a ṣe ń ya ilé sọ́tọ̀ kúrò lára àṣà tí ń bẹ nínú rẹ̀.

Bí Òpópó Náà Ti Rí

Àlejò tí ó bá fẹ́ wọ Nakamise láti iwájú yóò kọ́kọ́ dé ibi ẹnu-ọ̀nà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Kaminarimon. Ìtumọ̀ orúkọ yìí ni Ẹnu-ọ̀nà Àrá. Ère òrìṣà afẹ́fẹ́ dúró ní apá ọ̀tún rẹ̀, ère òrìṣà àrá sì dúró ní apá òsì. Àtùpà pupa kan tí wọ́n fi bébà ṣe ni ó rọ̀ sí agbedeméjì ẹnu-ọ̀nà náà. Kì í ṣe àtùpà tí ènìyàn ń gbé lọ́wọ́ rárá: gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 3.9, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 3.3, ó sì wúwo tó 700 kílò.

Bí àlejò bá ti gba abẹ́ àtùpà náà kọjá, inú òpópó Nakamise ni ó bọ́ sí. Òpópó náà tọ́ gbọnrangandan, ó sì gùn tó mítà 250. Ìsọ̀ tí ó tó 89 ni ó kọjú sí ara wọn ní apá méjèèjì: 54 ní apá ìlà-oòrùn, 35 ní apá ìwọ̀-oòrùn. Púpọ̀ nínú ìsọ̀ wọ̀nyí ni kò ju yàrá kékeré lọ. Ní òpin òpópó náà ni ẹnu-ọ̀nà kejì wà, tí wọ́n ń pè ní Hozomon. Lẹ́yìn èyí ni àgbàlá tẹ́ḿpìlì Sensoji, níbi tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti ń bọlá fún Kannon, ẹni mímọ́ aláàánú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba iwájú lọ gbàdúrà ní tẹ́ḿpìlì yìí yóò la àárín ọjà kọjá ní àlọ àti ní àbọ̀. Àdúrà àti ọjà náà ti di ìbejì. A kò lè sọ ìtàn ọ̀kan kí á má mẹ́nu ba èkejì.

Ère Inú Odò

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ìpilẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ḿpìlì náà lọ báyìí. Ní ọdún 628, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Hinokuma Hamanari àti Hinokuma Takenari, ń dẹ àwọ̀n nínú odò Sumida. Dípò ẹja, ère Kannon ni ó wọ inú àwọ̀n wọn. Wọ́n gbé ère náà lọ bá olórí abúlé wọn, ẹni tí wọ́n ń pè ní Haji no Nakatomo. Òun ni ó mọ ohun tí ère náà jẹ́, ó sì sọ ilé ara rẹ̀ di ojúbọ fún un. Wọ́n ní ọdún 645 ni àlùfáà kan tí ó ń jẹ́ Shokai kọ́ ilé ìsìn síbẹ̀, tí ó sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú rí ère náà mọ́. Títí di òní olónìí, a kì í gbé e jáde fún gbogbo ènìyàn wò.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ṣọ́ra níhìn-ín. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni ọ̀rọ̀ ère inú odò yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ohun tí ó fi hàn wá dájú ni ohun tí àwọn ará Asakusa gbà gbọ́ nípa ara wọn: pé ọwọ́ àwọn apẹja àti olórí abúlé ni tẹ́ḿpìlì wọn ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ọba. Àwọn àgbà sọ pé ọjọ́ a bá kú là á dère. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún àwọn ọkùnrin mẹ́ta wọ̀nyí, nítorí pé wọ́n sọ wọ́n di ẹni àìkú. Ojúbọ wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ tẹ́ḿpìlì náà, àwọn ará àdúgbò sì ń ṣe ọdún wọn, tí wọ́n ń pè ní Sanja, nínú oṣù Karùn-ún ọdọọdún.

Àkọsílẹ̀ tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún ìtàn ọjà wa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Tokugawa Ieyasu fi Edo ṣe ibùjókòó rẹ̀ ní ọdún 1590. Edo ni orúkọ tí Tokyo ń jẹ́ nígbà náà. Ní ọdún 1603, Ieyasu di shogun, èyí ni pé ó di olórí ogun tí ó ń ṣàkóso gbogbo ilẹ̀ náà ní orúkọ ọba. Ó fi Sensoji ṣe ibi àdúrà fún ìdílé rẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Tokugawa Iemitsu, ni ó kọ́ gbọ̀ngàn ńlá tẹ́ḿpìlì náà, èyí tí wọ́n parí ní ọdún 1649. Bí ìlú ṣe ń gbòòrò ni èrò ń pọ̀ sí i, títí tí àwọn ènìyàn Edo fi lé ní mílíọ̀nù kan ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún. Ìlú tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní gbogbo ayé nígbà náà.

Ọwọ̀ àti Ìsọ̀

Ibi tí èrò bá ti pọ̀, ìdọ̀tí kò ní ṣàìpọ̀ níbẹ̀. Ojúmọ́ kan kì í mọ́ kí àwọn olùjọ́sìn má wá sí Sensoji. Wọ́n ń gbé bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọlé, ewé igi ń jábọ́ sílẹ̀, eruku ń sọ. Ta ni yóò gbá ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn ará àdúgbò tí ó múlé ti tẹ́ḿpìlì náà ni wọ́n fi iṣẹ́ yìí rán. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí àwọn onísọ̀ Nakamise fúnra wọn tọ́jú, láàárín ọdún 1688 sí 1735 ni wọ́n fún àwọn agbálẹ̀ wọ̀nyí ní àǹfààní pàtàkì kan: kí wọ́n máa pàtẹ ọjà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ó lọ sí tẹ́ḿpìlì. Báyìí ni Nakamise ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo àdéhùn yìí dáadáa. Tẹ́ḿpìlì kò ta ilẹ̀ fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fi ilẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ. Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe, ẹ̀tọ́ láti tajà sì ni èrè iṣẹ́ náà. Bí àwọn baba wa ti máa ń wí ni ọ̀rọ̀ náà rí, pé ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹun. Àdéhùn náà ṣe ìhà méjèèjì ní àǹfààní. Tẹ́ḿpìlì ní ilẹ̀ tí ó mọ́ láìná kọ́bọ̀. Agbálẹ̀ ní ojú ọ̀nà kan tí oníbàárà kì í wọ́n níbẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tí ó ń gbálẹ̀ náà ni ó ń tajà lórí ilẹ̀ náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, ìdọ̀tí ọ̀nà di ìtìjú tirẹ̀, ìmọ́tótó rẹ̀ sì di èrè tirẹ̀.

Nígbà tí ó yá, òpópó náà pín sí apá méjì. Ní apá tí ó súnmọ́ tẹ́ḿpìlì ni wọ́n kọ́ ilé tíì sí, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń sinmi. Ilé tíì wọ̀nyí gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi iye wọn pè wọ́n: Nijikken Chaya, èyí ni ilé tíì ogún. Ní apá tí ó súnmọ́ Ẹnu-ọ̀nà Àrá ni àwọn tí ń ta ohun ìṣeré ọmọdé, ohun dídùn àti ohun ìrántí wà. Ohun tí ènìyàn lè fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó bá padà sílé ni ọjà wọn.

Ohun Jíjẹ àti Ẹ̀kọ́ Inú Rẹ̀

Títí di òní, ohun jíjẹ ni ó ń kọ́kọ́ kí àlejò káàbọ̀ sí òpópó náà, nítorí òórùn a máa ṣáájú ojú. Èyí tí ó lórúkọ jù ni kaminari-okoshi. Ìrẹsì ni wọ́n ń yan títí yóò fi wú, wọn a wá fi ṣúgà yíyọ́ lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọn a gé e wẹ́wẹ́. Orúkọ àrá tí ó wà lára rẹ̀ ti ara ẹnu-ọ̀nà tí a ti mẹ́nu bà wá. Ṣùgbọ́n nínú èdè Jàpáànì, ọ̀rọ̀ okoshi fara jọ ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí gbígbé nǹkan dìde. Nítorí èyí ni àwọn olùjọ́sìn fi ń rà á: kí ilé wọn lè gbérí, kí orúkọ wọn sì lè ròkè. Ohun tí ènìyàn fi ẹnu jẹ tún di ohun tí ó fi ń ṣàdúrà.

Ningyo-yaki náà wà níbẹ̀. Wọ́n a da ìyẹ̀fun tí wọ́n ti fi ẹyin àti ṣúgà pò sínú irin tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí, wọn a fi ẹ̀wà pupa tí wọ́n sè, tí wọ́n sì gún pẹ̀lú ṣúgà, sí agbedeméjì rẹ̀, wọn a yan án lórí iná. Àwòrán ara rẹ̀ a máa jẹ́ ti àtùpà, ti ilé alájà márùn-ún, ti ẹyẹlé àti ti òrìṣà àrá. Gbogbo àdúgbò náà ni oníbàárà ń rí lórí ohun tí ó fẹ́ jẹ. Senbei jẹ́ ìrẹsì tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ, tí wọ́n yan, tí wọ́n sì fi omi oníyọ̀ dúdú tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe pa lára. Age-manju ni wọ́n ń dín nínú òróró gbígbóná bí ẹni ń dín àkàrà, ṣùgbọ́n ẹ̀wà dídùn ni ó wà nínú rẹ̀. Kibi-dango jẹ́ òkèlè kéékèèké tí wọ́n fi ìyẹ̀fun jéró ṣe, tí wọ́n gún mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sì fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà sóyà yíyan wọ́n lára.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé nori, èyí tí í ṣe ewé inú òkun tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ bíi bébà. Orúkọ Asakusa ni wọ́n fi pe irú rẹ̀ kan, Asakusa-nori, nítorí òkìkí tí àdúgbò náà ní lórí òwò rẹ̀ ní ayé Edo. Àwọn ará Asakusa tún máa ń rẹ ògbólógbòó bébà, wọn a sì fi ṣe bébà tuntun. Ọ̀pọ̀ ni ó gbà pé lára iṣẹ́ bébà ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń tẹ́ nori.

Òfin kan wà tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Àwọn onísọ̀ Nakamise kò fẹ́ kí ènìyàn máa jẹun kiri òpópó. Ẹni tí ó bá ra ohun jíjẹ yóò dúró síwájú ìsọ̀ tí ó ti rà á, yóò jẹ ẹ́ tán, yóò dá ìdọ̀tí rẹ̀ padà, kí ó tó máa lọ. Bí èrò ti pọ̀ tó, òróró lè ta sí aṣọ ẹlòmíràn, ìdọ̀tí sì lè kún ilẹ̀. Ní ojú tiwa, òfin yìí kò jìnnà sí ìpìlẹ̀ ọjà náà rárá. Ọjà tí ọwọ̀ bí kò lè ṣàì ka ilẹ̀ mímọ́ sí.

Ìjọba Tuntun, Ìsọ̀ Tuntun

Ní ọdún 1868, ìjọba àwọn shogun dópin, agbára padà sọ́wọ́ ọba Meiji, Edo sì di Tokyo. Ìjọba tuntun yìí fẹ́ kí ilẹ̀ Jàpáànì bá àwọn ìlú Yúróòpù dọ́gba, kò sì fẹ́ kí àwọn tẹ́ḿpìlì ní ilẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 1871, ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1873, wọ́n sọ ilẹ̀ Sensoji di ọgbà ìgbafẹ́ ìlú, ọ̀kan nínú márùn-ún àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Tokyo. Àǹfààní tí tẹ́ḿpìlì fún àwọn agbálẹ̀ nígbà láéláé kò ní olùgbèjà mọ́, nítorí ẹni tí ó fún wọn kọ́ ni ó ni ilẹ̀ mọ́.

Ohun tí ó tẹ̀lé èyí kò yani lẹ́nu. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1885, ìjọba Tokyo pàṣẹ pé kí gbogbo onísọ̀ Nakamise kó ẹrù wọn kúrò. Wọ́n wó àwọn ìsọ̀ onígi àtijọ́. Nínú oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ìsọ̀ tuntun tí wọ́n fi bíríkì pupa kọ́ ní ìlànà àwọn òyìnbó ti dìde sí ojú ibẹ̀. Láti ìgbà náà, ìjọba ni ó ni ilé, owó ni onísọ̀ sì ń san. Ìgbálẹ̀ kì í ṣe owó ìsọ̀ mọ́.

Kí a má ṣe sọ pé ibi nìkan ni ìyípadà náà mú wá. Asakusa di ibi ìgbafẹ́ tí ó lókìkí jù ní Tokyo. Ní ọdún 1890, wọ́n kọ́ ilé alájà méjìlá kan tí wọ́n ń pè ní Ryounkaku, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ agbéniròkè tí ń lo iná mànàmáná kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Jàpáànì. Ní ọdún 1903, ilé sinimá àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà ṣí ní Asakusa. Èrò tí ń lọ sí gbogbo ibi wọ̀nyí ń ra ohun jíjẹ ní Nakamise.

Ilẹ̀ Mímì àti Iná

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1923, nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú méjì kí aago méjìlá ọ̀sán lù, ilẹ̀ mì ní Tokyo àti agbègbè rẹ̀. Àsìkò tí àwọn ènìyàn ń dáná oúnjẹ ọ̀sán ni, iná sì ràn láti ilé dé ilé. Àwọn tí ó kú lé ní 100,000. Ryounkaku já sí méjì, àwọn ìsọ̀ bíríkì Nakamise sì wó. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ńlá tí Iemitsu kọ́ kò wó, kò sì jóná. Ní ọdún 1925, wọ́n tún àwọn ìsọ̀ kọ́, kọnkéré tí wọ́n ki irin sí ni wọ́n lò lọ́tẹ̀ yìí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ìparí ọdún 1927, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo Éṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í ná Asakusa sí Ueno.

Ohun tí ilẹ̀ mímì kò lè ṣe, ogun ṣe é. Ní òru ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1945, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà da bọ́ǹbù oníná lé apá ìlà-oòrùn Tokyo lórí. Àwọn tí ó kú ní òru ọjọ́ kan yẹn tó 100,000. Gbọ̀ngàn ńlá ọdún 1649 jóná pátápátá. Ní Nakamise, ògiri kọnkéré dúró, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó wà nínú ìsọ̀ di eérú. Lẹ́yìn ogun, àwọn onísọ̀ padà sínú ògiri òfìfo wọ̀nyẹn, wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n sì tún pàtẹ.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọ́n parí gbọ̀ngàn ńlá tuntun ní ọdún 1958. Ní ọdún 1960, Ẹnu-ọ̀nà Àrá tún dìde. Owó Matsushita Konosuke, olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ Matsushita tí a mọ̀ sí Panasonic lónìí, ni wọ́n fi kọ́ ọ. Hozomon tẹ̀lé e ní ọdún 1964, ilé alájà márùn-ún sì tẹ̀lé e ní ọdún 1973.

Níhìn-ín ni a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró kí ó ronú. Ẹnu-ọ̀nà Àrá tí ó ti wà rí jóná ní ọdún 1865, kò sì sí òmíràn tí ó dúró pẹ́ dípò rẹ̀ títí di ọdún 1960. Èyí jẹ́ ọdún márùn-dín-lọ́gọ́rùn-ún. Àwòrán ẹnu-ọ̀nà yìí ni gbogbo ayé fi mọ Asakusa lónìí, bẹ́ẹ̀ ni ọjà sì wà fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún láìsí ẹnu-ọ̀nà. Àlejò tí ó ń wo igi pupa àti òrùlé títẹ̀ a máa rò pé ilé ayé àtijọ́ ni òun ń wò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ìsọ̀ kan ní Nakamise tí ilé rẹ̀ ju ọdún 1925 lọ. Ohun tí ó pẹ́ níbẹ̀ ni àṣà, èyí ni pé kí àwọn ará àdúgbò máa tajà lójú ọ̀nà àdúrà, láti ọwọ́ òbí dé ọwọ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ Owó Ìsọ̀

Lẹ́yìn ogun, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ tẹ́ḿpìlì, ṣùgbọ́n ilé tí ó wà lórí ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ ti ìjọba Tokyo. Owó tí onísọ̀ ń san kéré gan-an. Ní ọdún 2017, tẹ́ḿpìlì ra àwọn ilé náà lọ́wọ́ ìjọba. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni ó tún ni ilé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìwé ìròyìn gbé e jáde pé owó ìsọ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà onígun-mẹ́rin 10, tí ó jẹ́ nǹkan bí 15,000 yen lóṣù, yóò di 250,000 yen. Ó lé ní ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ìbẹ̀rù bo àwọn onísọ̀. Àwọn kan ń bi ara wọn léèrè pé senbei mélòó ni ènìyàn yóò yan kí ó tó rí irú owó bẹ́ẹ̀ san. Wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí wọ́n ń ta ohun kan náà káàkiri ayé ni yóò gba ipò àwọn. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbà pé kí owó náà máa gòkè ní ìpele-ìpele, kí ó má ṣe fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé dá ní apá kan. Tẹ́ḿpìlì ní ẹjọ́ tí ó lè rò. Ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, ilé jẹ́ tirẹ̀, owó tuntun náà kò sì ju ohun tí àwọn tí ń tajà ní òpópó tí ó yí i ká ń san lọ. Ìsọ̀ ọdún 1925 ń béèrè àtúnṣe, tẹ́ḿpìlì ni yóò sì tún un ṣe. A tún lè béèrè ìdí tí ọmọ onísọ̀ kan fi gbọdọ̀ jogún owó pọ́ọ́kú ní ojú ọ̀nà tí àìmọye ènìyàn ń gbà lójoojúmọ́, nígbà tí ẹlòmíràn ń san owó gọbọi ní ẹ̀yìn ògiri.

Síbẹ̀, onísọ̀ náà ní ẹjọ́. Èrò tí ó mú kí ilẹ̀ náà níye lórí kì í ṣe àdúrà nìkan ni ó ń fà wọ́n. Òórùn okoshi àti ti senbei wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ tí ó ti ń yan án láti ìran dé ìran. Àwọn tí ó padà sínú eérú ní ọdún 1945 kò padà nítorí pé owó ìsọ̀ kéré; wọ́n padà nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn àti orúkọ wọn wà. Bí a bá fi owó ilẹ̀ nìkan wọn ọjà, a ó rí iye tí ilẹ̀ náà tó, ṣùgbọ́n a kò ní rí ohun tí ó jẹ́ kí ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Bí ìdánwò bá béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó sọ bí ọjà Nakamise ti pẹ́ tó, kí ó má ṣe fi ẹsẹ̀ kan dáhùn. Ohun mẹ́ta ni kí ó yà sọ́tọ̀. Ilẹ̀ náà ti wà lábẹ́ tẹ́ḿpìlì, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, ó sì ti padà. Ilé orí rẹ̀ ti jẹ́ ti igi, ti bíríkì àti ti kọnkéré. Àdéhùn àárín tẹ́ḿpìlì àti aládùúgbò ni ó ṣáájú gbogbo ilé wọ̀nyí, òun náà sì ni ó rọrùn jù láti bàjẹ́, nítorí kì í jóná lójú ẹni, kì í sì í wó kí a gbọ́ ariwo rẹ̀.

Ìdájọ́ tiwa ni pé kò sí ìhà kan tí ó lè nìkan ní Nakamise. Ìjọba dán èyí wò ní ọdún 1885, nígbà tí ó lé onísọ̀ jáde bí ẹni pé ilé ni ọjà. Síbẹ̀, oníṣòwò ni ó tún wá fi kún ilé náà kí ó tó jẹ́ ọjà. Bí tẹ́ḿpìlì bá ka owó nìkan, àwọn ọmọ agbálẹ̀ yóò lọ. Bí onísọ̀ bá ka ogún nìkan, tí ó gbàgbé iṣẹ́ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ fi rí i gbà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò di òfìfo. Ẹ̀tọ́ tí a fi iṣẹ́ gbà, iṣẹ́ náà ni a fi ń tọ́jú rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ lè mú ìbéèrè yìí wọ inú kíláàsì. Kí wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: kí àwọn kan rojọ́ fún tẹ́ḿpìlì, kí àwọn kan rojọ́ fún ìjọba tí ó kọ́ ìsọ̀, kí àwọn yòókù sì rojọ́ fún ẹni tí baba ńlá rẹ̀ gbá ilẹ̀ náà. Kí olúkúlùkù wọn dárúkọ ọdún tí ó gbé ẹ̀rí rẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n jùmọ̀ pinnu iye tí ó tọ́ kí onísenbei máa san ní oṣù.